Ogún Tí Káńsù Ń Ṣọ́

Ẹni tó ń gbé ní Huntingdon tàbí Wisbech, tó sì ń san owó-orí ilé rẹ̀ lóṣooṣù, mọ̀ pé káńsù ló ń tún títì ṣe, pé òun ló ń bójú tó ilé ìwé, òun náà ló sì ń rán òṣìṣẹ́ lọ wẹ arúgbó tí kò lè dìde mọ́. Ohun tí kì í sábà mọ̀ ni pé káńsù yìí kan náà jẹ́ onílẹ̀ oko. Káńsù káúńtì Cambridgeshire ní nǹkan bí 33,000 éékà ilẹ̀ oko, kò sì sí káńsù mìíràn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń gbin àlìkámà sórí rẹ̀, wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún káńsù, owó náà sì ń wọ inú àpò tí wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ìlú.

Nígbà tí olóṣèlú bá dúró níwájú kámẹ́rà, tó ní káńsù òun ń gbé ọrọ̀-ajé àdúgbò ró, owó ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: pé káńsù yóò pín owó fún oníṣòwò, iṣẹ́ yóò sì pọ̀. Owó díẹ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí káúńtì ní ju owó lọ ni ilé, ilẹ̀ àti ojú títì. Ìgbà tó bá ń pinnu èyí tí yóò fi yá èèyàn, èyí tí yóò tà àti èyí tí yóò dì mú ṣinṣin, ìgbà náà ló ń ṣe iṣẹ́ ọrọ̀-ajé rẹ̀ gan-an, bí kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Kó tó di 1889, àwọn adájọ́ àdúgbò, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ onílẹ̀ ńlá, ló ń ṣàkóso káúńtì. Ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn wọ́n. Òfin ọdún 1888 ló dá káńsù káúńtì sílẹ̀, wọ́n sì dìbò yan àwọn káńsẹ́lọ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kìíní 1889. Láti 1974 ni ètò náà ti di alájà méjì bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Káúńtì, tó wà lájà òkè, ló ni títì, ilé ìwé, ilé ìkàwé, ìtọ́jú àgbàlagbà àti ti ọmọ tí kò ní alágbàtọ́. Káńsù kékeré tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń kó ìdọ̀tí ilé, ló ń gba owó-orí ilé, ló sì ń fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Káúńtì 21 ló ṣì wà lórí ètò yìí. Àwọn tó mọ ìtàn ìjọba ìbílẹ̀ nílé yóò rántí pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò ṣe àwòkọ́ṣe nígbà tí Awólọ́wọ̀ jẹ́ mínísítà ìjọba ìbílẹ̀, tí òfin 1952 sì gbé káńsù tí ará ìlú ń dìbò sí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ káńsù kò ṣàjèjì sí wa. Ohun tó ṣàjèjì ni bí dúkìá tiwọn ṣe pọ̀ tó, àti bí ìwé tó rọ̀ mọ́ dúkìá náà ṣe pọ̀ tó.

Nínú pípín tí wọ́n pín iṣẹ́ yìí ni ìṣòro kan wà tí àlejò kì í tètè rí. Káúńtì ló ń la títì tí yóò gbé ọkọ̀ ẹrù dé ilé iṣẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n káńsù kékeré ló ń fọwọ́ sí i kí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà. Tí ilé iṣẹ́ bá wá dé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í san owó-orí tí wọ́n ń gbà lórí ṣọ́ọ̀bù àti ilé iṣẹ́, ẹ wo bí ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2013 ṣe pín in: nínú £1 kọ̀ọ̀kan, ìjọba àpapọ̀ mú 50p, káńsù kékeré mú 40p, káúńtì mú 10p. Tí àwọn panápaná kò bá sí lábẹ́ káúńtì, wọ́n mú 1p nínú 10p náà, ó wá ku 9p. Lóòótọ́, ìjọba àpapọ̀ tún ń bu owó fún ẹni tí tirẹ̀ kò tó. Síbẹ̀, káúńtì tó bá fi ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù la títì kí ilé iṣẹ́ lè wá yóò dúró pẹ́ kí owó-orí ilé iṣẹ́ náà tó dá iye yẹn padà fún un, bó bá tilẹ̀ dá a padà láé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí káúńtì fi ń fẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀bá títì tuntun jẹ́ tirẹ̀, ìdí náà nìyẹn. Ìpín rẹ̀ nínú owó-orí kéré, ṣùgbọ́n bí iye ilẹ̀ rẹ̀ bá ga, òun nìkan ló ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ wo Kent. Ní oṣù kejì 2011, ilé iṣẹ́ òògùn Pfizer kéde pé òun yóò kúrò ní ibùdó ìwádìí rẹ̀ ní Sandwich, níbi tí nǹkan bí 2,400 ènìyàn ti ń ṣiṣẹ́. Ní ìlú tó kéré bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan. Ó kan ẹni tó ń ta búrẹ́dì, ó kan awakọ̀ takisí, ó kan onílé tó fi yàrá yá òṣìṣẹ́. Àwọn káńsù àti ìjọba àpapọ̀ jókòó, wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ti ń dín owó-orí kù fún ilé iṣẹ́ tuntun, wọ́n sì pè é ní Discovery Park. Ìjọba tún fún káúńtì náà ní £35 mílíọ̀nù láti fi yá àwọn oníṣòwò apá ìlà-oòrùn Kent láìgba èlé.

Yíyá ni, kì í ṣe ọrẹ. Owó tí oníṣòwò kan bá dá padà ni òmíràn yóò tún gbé, bí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n káńsù kì í ṣe báńkì. Iṣẹ́ tó sábà ń tọ̀ ọ́ wá ni èyí tí báńkì ti wò tó sì mirí, nítorí náà, tí kò bá sí ẹni tó jẹ gbèsè rárá, a jẹ́ pé ẹ̀rù ti ba káńsù jù ni, ó kàn ń yá àwọn tí báńkì ìbá ti yá tẹ́lẹ̀. Tí ajigbèsè bá sì pọ̀ jù, owó ìlú ti ṣòfò. Láàárín méjèèjì ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń ta kókó: wọ́n ń gba ohun ìdógò, wọ́n ń ka ìwé ìṣirò owó ilé iṣẹ́, wọ́n sì ń kọ iye ènìyàn tí oníṣòwò ṣèlérí láti gbà síṣẹ́ sínú àdéhùn, kí wọ́n lè padà lọ kà wọ́n.

Ní oṣù kẹrin 2011 yẹn kan náà, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà Turner Contemporary ṣí ní Margate, ní Kent níbẹ̀. David Chipperfield ló yàwòrán rẹ̀, ó ná wọn ní £17.5 mílíọ̀nù, káúńtì sì wà lára àwọn tó gbé owó náà kalẹ̀. Margate jẹ́ ìlú etíkun tí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ti kógbá sílé nígbà náà. Èmi kì í yára gbà pé ilé àwòrán lè sọ ìlú tó ń kú di ààyè, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé kò sí ohun tó yí padà níbẹ̀: ilé oúnjẹ àti ṣọ́ọ̀bù kéékèèké ti pọ̀ ní àdúgbò àtijọ́, owó ilé sì ti lọ sókè débi pé ayálégbé tó jẹ́ ọmọ ìlú ń ráhùn. Ẹni tó ní ilé ló yọ̀ jù. Káúńtì náà ló tún lé ibùdókọ̀ ojú irin Thanet Parkway fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó ṣí ní oṣù keje 2023, owó rẹ̀ sì kọjá £40 mílíọ̀nù, ó ju iye tí wọ́n kọ́kọ́ fojú dá lọ fíìfíì.

Iṣẹ́ mìíràn wà tí kò sí ayẹyẹ ìṣílé nínú rẹ̀. Láti bí ọdún 2011 ni ìjọba ti ń fi owó íntánẹ́ẹ̀tì àwọn abúlé lé ọwọ́ káúńtì. Ilé iṣẹ́ tẹlifóònù BT kò fẹ́ gbé wáyà lọ sí abúlé tí ilé ibẹ̀ kò ju méjìlá lọ, nítorí kò sí èrè níbẹ̀; káúńtì fi owó kún tirẹ̀ kó lè lọ. Gbólóhùn kan wà nínú àdéhùn náà tó dùn mọ́ mi: tí àwọn tó bá gbà á sílé bá pọ̀ ju iye tí BT fojú dá lọ, kí BT dá lára owó ìlú padà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòótọ́. Owó padà, káúńtì sì fi gbé wáyà lọ sí ìgbèríko tó kù. Ẹni tó kọ gbólóhùn yẹn ṣe ìlú lóore ju ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gé ríbọ́ọ̀nù lọ.

Ẹ bá mi wọ ọ́fíìsì àwọn tó ń ṣàmójútó dúkìá. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó bá níbẹ̀ ni ìwé àkọsílẹ̀: ilé ìwé, ilé ìkàwé, ilé ìtọ́jú arúgbó, àgọ́ panápaná, ọgbà tí wọ́n ń kó iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù sí, igbó, oko, àti pápá kékeré kan lẹ́yìn ilé ẹnìkan tí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rántí bó ṣe di ti káńsù. Láti 2015 ni ìjọba ti pàṣẹ pé kí káńsù máa gbé àkọsílẹ̀ yìí síta lọ́dọọdún kí ẹnikẹ́ni lè kà á. Ẹni tó bá ti rí bí ilẹ̀ ìjọba ṣe ń di ti ẹnìkan mọ́jú nílé wa yóò mọ̀ pé ìwé tó dà bí ohun tí kò ní láárí yìí lágbára ju ọlọ́dẹ lọ.

Tí káńsù bá fẹ́ ta nǹkan, abala 123 òfin ìjọba ìbílẹ̀ ti 1972 ló dè é lọ́wọ́. Kò gbọ́dọ̀ gba iye tó kéré sí èyí tó dára jù tí ó lè rí gbà lórí ilẹ̀ náà, àfi bí mínísítà bá yọ̀ǹda. Yíyá tí kò ju ọdún 7 lọ nìkan ni òfin náà kò kàn. Ní 2003, ìjọba ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀: káńsù lè tà á lówó pọ́ọ́kú, bí ohun tó dín nínú iye rẹ̀ kò bá ti ju £2 mílíọ̀nù lọ, tí títà náà yóò sì ṣe ọrọ̀-ajé, àwùjọ tàbí àyíká àdúgbò láǹfààní. Ibí gan-an ni iṣẹ́ dúkìá àti iṣẹ́ ọrọ̀-ajé ti ń pàdé. Kí á ní ilé ìwé abúlé kan ti di òfìfo. Kọ́lékọ́lé kan fẹ́ san £1.5 mílíọ̀nù kó lè kọ́ ilé olówó ńlá síbẹ̀. Àwọn ará abúlé ní £900,000, wọ́n sì fẹ́ pín in sí ìsọ̀ káfíńtà, ìsọ̀ aránṣọ àti ibi ìtọ́jú ọmọdé. Òfin kò sọ pé kí káńsù mú ti kọ́lékọ́lé dandan. Ohun tó ní kó ṣe ni kó gba ìwé ọ̀dọ̀ onímọ̀ tó mọ iye ilé, kó kọ iye tó ń pàdánù sílẹ̀, kó kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kó sì múra fún ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Àdánù £600,000 tí a kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí a fi pa mọ́.

Òfin 2011 tún fún ará àdúgbò ní àsìkò. Bí wọ́n bá ti kọ orúkọ ilé kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ṣe pàtàkì fún ìlú, tí onílé sì fẹ́ tà á, wọ́n lè ní kó dúró fún oṣù 6 kí wọ́n fi wá owó. Kì í ṣe dandan kó tà á fún wọn lẹ́yìn náà. Àsìkò nìkan ni òfin fún wọn, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í sì í tó.

Àwọn ohun kan tún wà tó jẹ́ ti káńsù lórí ìwé nìkan. Tí ilé ìwé bá kúrò lábẹ́ káúńtì, tó di èyí tó ń dá ara rẹ̀ ṣàkóso, káúńtì sábà máa ń fi ilẹ̀ àti ilé náà yá a fún ọdún 125, owó ilé rẹ̀ sì jẹ́ hóró iyèré kan lọ́dún, ìyẹn bí ẹnikẹ́ni bá tilẹ̀ wá béèrè rẹ̀. Onílẹ̀ ṣì ni káńsù, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ àwọn káńsẹ́lọ̀ tó fọwọ́ sí i kò ní rí ilẹ̀ náà gbà padà. Pápá tí ọmọ ilé ìwé ń ṣeré lórí rẹ̀ náà kò ṣeé tà láìgba àṣẹ mínísítà. Òfin 1998 ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọba sì fi túláàsì gbà lọ́wọ́ onílẹ̀ nígbà kan rí, tí kò wúlò fún un mọ́, ìlànà sọ pé kó kọ́kọ́ fi lọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí ajogún rẹ̀. Ìlànà yẹn ti inú ẹjọ́ Crichel Down ní Dorset jáde: àwọn ológun òfuurufú gba oko níbẹ̀ ní 1938 láti fi dánrawò jíju bọ́ǹbù, nígbà tí ogun parí ìjọba gbé e fún ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn dípò kó dá a padà, ariwo sì ta títí mínísítà iṣẹ́ àgbẹ̀, Thomas Dugdale, fi kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní 1954. Àwọn ìdílé nílé tí ìjọba gba ilẹ̀ wọn fún "iṣẹ́ ìlú", tí wọ́n wá rí ilé àdáni lórí rẹ̀, yóò fẹ́ ka ìtàn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ oko ló fa ìrònú jù fún mi nínú gbogbo dúkìá yìí. Òfin 1892 àti ti 1908 ló fún káúńtì lágbára láti ra ilẹ̀, kí wọ́n gé e sí oko kéékèèké, kí wọ́n sì fi yá ẹni tí kò ní ilẹ̀ bàbá. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, òfin 1919 mú kí wọ́n ra púpọ̀ sí i fún àwọn ọmọ ogun tó ń bọ̀ wálé. Títí di òní, ìdí rẹ̀ kò yí padà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀dọ́ tí òbí rẹ̀ kì í ṣe àgbẹ̀ kò lè rí owó tí yóò fi ra oko, onílẹ̀ àdáni kì í sì í fẹ́ fi oko yá ẹni tí kò tíì dáko rí. Káńsù lè gbà á wọlé, fún un ní oko kékeré fún ọdún mélòó kan, kó fi kọ́ṣẹ́, kó kó mààlúù tirẹ̀ jọ, kó wá kúrò lọ sí oko tó tóbi jù kí ọ̀dọ́ mìíràn lè wọlé.

Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Nínú ìṣe, àwọn tó wọlé kì í fẹ́ jáde, nítorí kò sí oko tó tóbi jù níta tí wọ́n lè rí yá. Ìṣákọ́lẹ̀ tó ń wọlé kò sì tó ohun tí káńsù lè rí bó bá tà, pàápàá níbi tí oko bá sún mọ́ ìlú. Ilẹ̀ oko tí wọ́n bá fọwọ́ sí kíkọ́ ilé sórí rẹ̀ lè fi ìlọ́po-ìlọ́po ju iye tó wà tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín 1977 sí 2017, oko àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dín sí ìdajì. Àwọn kan di tiwọn mú: Norfolk pinnu pé òun kò ní jẹ́ kí tòun kéré sí 16,000 éékà. Cambridgeshire gba ọ̀nà mìíràn. Ó gbé pánẹ́ẹ̀lì oòrùn sórí oko kan ní Soham, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè iná ní 2017, káńsù fúnra rẹ̀ ló sì ni ín. Oko yẹn kò kúrò lọ́wọ́ ìlú, ohun tí wọ́n ń kórè lórí rẹ̀ ló yí padà. Mo rò pé ìyẹn lọ́gbọ́n nínú ju títà lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbẹ̀ ọ̀dọ́ kò lè sin mààlúù lórí pánẹ́ẹ̀lì.

Òfin kan wà tó yẹ kí gbogbo ẹni tó bá ń sọ pé "kí káńsù ta nǹkan kó fi sanwó òṣìṣẹ́" mọ̀. Owó tí káńsù bá rí lórí ilé tàbí ilẹ̀ tó tà kò gbọ́dọ̀ wọ inú owó oṣù, owó epo ọkọ̀ tàbí owó ìtọ́jú arúgbó. Ó gbọ́dọ̀ di dúkìá mìíràn, tàbí kí wọ́n fi san gbèsè. Ní 2016 ìjọba tú okùn náà díẹ̀: káńsù lè fi irú owó bẹ́ẹ̀ ṣe àtúntò iṣẹ́ tí yóò dín ìnáwó kù lọ́jọ́ iwájú. Ó dára létí. Ṣùgbọ́n káńsù tí ebi owó ń pa lè pe gbogbo nǹkan ní àtúntò.

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Northamptonshire. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn káńsẹ́lọ̀ ibẹ̀ fi ń yangàn pé owó-orí ilé tiwọn wà lára èyí tó kéré jù, nígbà tí iye arúgbó àti ọmọdé tó nílò ìtọ́jú ń ga. Ní oṣù kẹwàá 2017 wọ́n ṣí olú ilé iṣẹ́ tuntun, One Angel Square, tí wọ́n fi £53 mílíọ̀nù kọ́. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ kò burú: kí òṣìṣẹ́ kúrò ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì káàkiri ìlú, kí wọ́n kórajọ sójú kan, kí owó ilé dín kù. Ní oṣù kejì 2018, akápò àgbà káńsù lo abala 114 òfin 1988, ìyẹn ìwé tó ń kéde pé owó tó wà nílẹ̀ kò ká ìnáwó, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáwọ́ lé ìnáwó tuntun. Ó ti tó nǹkan bí ogún ọdún tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ gbẹ̀yìn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n ta ilé tuntun náà ní £64 mílíọ̀nù, wọ́n sì yá a padà. Lójú ìwé, èrè £11 mílíọ̀nù ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní ilé ní oṣù kẹwàá ti di ayálégbé nínú rẹ̀ kí ọdún tó yí po, owó ilé yóò sì máa jáde lọ́dọọdún látinú àpò tí kò ní nǹkan nínú.

Max Caller, tí ìjọba rán láti wá yẹ̀wò, kọ ìròyìn rẹ̀ ní oṣù kẹta 2018. Kò ní kí wọ́n fún káńsù náà lówó. Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n fi káńsù tuntun méjì rọ́pò rẹ̀. Láàárín kan náà, káńsù fẹ́ ti ilé ìkàwé 21 pa nínú 36, ilé ẹjọ́ gíga sì dá a dúró ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹrin 2021, káńsù káúńtì Northamptonshire di ìtàn.

Àwọn káńsù mìíràn gba ọ̀nà tó yàtọ̀ pátápátá: dípò kí wọ́n tà, rírà ni wọ́n ń rà. Ilé iṣẹ́ ìjọba kan wà nígbà náà tó ń yá káńsù lówó pẹ̀lú èlé kékeré, Public Works Loan Board. Àwọn káńsù ń yá owó níbẹ̀, wọ́n ń ra ọ́fíìsì àti ilé ìtajà ńlá, ìgbà mìíràn ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn rárá, kí owó ilé tó ń wọlé lè bo ohun tí ìjọba àpapọ̀ gé kúrò. Láàárín 2016 sí 2019, £6.6 bílíọ̀nù ni àwọn káńsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ra irú ilé bẹ́ẹ̀. Àwọn káńsù kékeré ló kó sínú rẹ̀ jù. Spelthorne, ní Surrey, yá tó £1 bílíọ̀nù. Woking, tó wà ní Surrey kan náà, fẹ́ tún àárín ìlú rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú ilé alájà gogoro, ó sì kéde ní oṣù kẹfà 2023 pé àìtó owó òun ju £1 bílíọ̀nù lọ. Ní oṣù kọkànlá 2020 ni ìjọba ti ti ilẹ̀kùn náà: káńsù tó bá ń ra ilé torí owó ilé nìkan kò ní rí ẹ̀yáwó náà gbà mọ́. Ẹṣin ti jáde lọ nígbà náà. Ohun tí mo bá wọn wí lé lórí kì í ṣe pé wọ́n yá owó. Ilé tí wọ́n rà kò bá ọrọ̀-ajé àdúgbò wọn tan rárá.

Gbogbo èyí ló ń gba ojú ìwé ìròyìn, nígbà tí òjò ń jo wọ inú ilé ìwé. Ní oṣù keje 2018, òrùlé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Singlewell ní Gravesend wó lulẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀, nígbà tí kò sí ọmọ nínú rẹ̀. Kọ̀ǹkéré fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe òrùlé láàárín àwọn ọdún 1950 sí 1990 ló fà á. Ní ìparí oṣù kẹjọ 2023, bó ṣe ku ọjọ́ díẹ̀ kí ilé ìwé wọlé, ìjọba ní kí ilé ìwé tó ju 100 ti ilé tó bá ní irú rẹ̀ pa. Essex ni ọ̀rọ̀ náà pọ̀ sí jù. Àtúnṣe òrùlé kì í mú ìbò wá, kì í sì í hàn nínú fọ́tò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni èèyàn ti ń mọ káńsù tó mọ dúkìá rẹ̀. Ẹni tó bá ti rán òṣìṣẹ́ lọ wo òrùlé kọ̀ọ̀kan, tó sì kọ ohun tí wọ́n rí síbẹ̀ sílẹ̀, mọ ibi tí yóò sáré lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ìpinnu tí ó ti yẹ kí wọ́n ṣe náà tún wà tí ń pẹ́ nílẹ̀. Olú ilé iṣẹ́ káńsù Surrey wà ní Kingston láti 1893. Ní 1965, Kingston kúrò ní Surrey, ó di ara Lọ́ńdọ̀nù. Surrey kò kúrò níbẹ̀. Fún ju àádọ́ta ọdún lọ ni wọ́n fi ń ṣàkóso káúńtì náà láti inú ìlú tí kì í ṣe tiwọn, òṣìṣẹ́ ń jẹun ọ̀sán níbẹ̀, owó ń wọ ọjà ẹlòmíràn. Ìgbà àjàkálẹ̀ Kòrónà ni wọ́n tó jáde. Wọ́n kó lọ sí Reigate, sínú ilé tí ilé iṣẹ́ Canon ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Wọn ò ní pẹ́ níbẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024 ni ìjọba kéde pé òun fẹ́ fòpin sí ètò alájà méjì jákèjádò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí káńsù kan ṣoṣo máa ṣe gbogbo iṣẹ́ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan. Surrey wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kàn: yóò di méjì, ti ìlà-oòrùn àti ti ìwọ̀-oòrùn. Ilé ìwé àti ilé ìkàwé kò ṣòro láti pín, ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ń bá lọ. Gbèsè ni kò ní ibi tó dúró sí. Woking àti Spelthorne bọ́ sí apá ìwọ̀-oòrùn, pẹ̀lú Guildford àti Farnham. Ìjọba àpapọ̀ ti ṣèlérí láti san £500 mílíọ̀nù nínú gbèsè Woking kí káńsù tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn ará Guildford àti Farnham, tí kò sí nínú ìpàdé tí wọ́n ti yá owó náà, ń béèrè ẹni tí yóò san ìyókù.